Ilé Sea Scout létí odò: ohun tí àwọn òbí ń bi wá, àti bí a ṣe ń dá wọn lóhùn

Tí wọ́n bá dárúkọ Scout fún àwa Yorùbá tó ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù, aṣọ kákí, síkáàfù àti ọ̀pá ló máa ń wá sí wa lọ́kàn, torí bí a ṣe mọ̀ wọ́n nílé ẹ̀kọ́ nílé nìyẹn. Ṣùgbọ́n bí ẹnì kan bá sọ pé àwọn Scout kan wà tó jẹ́ pé orí omi ni tiwọn, tí gbọ̀ngàn ìpàdé wọn sì fẹnu kan odò, ìbéèrè á bẹ̀rẹ̀ sí í rọ́ wọlé. Mo ti kó àwọn tó wọ́pọ̀ jù jọ síbí. Mo máa ń bá wọn ṣe iṣẹ́ ọ̀fẹ́ ní ìrọ̀lẹ́, ojú òbí tó dúró létí omi ni mo sì fi ń wo ọ̀rọ̀ náà. Ẹ má retí kí n fi orúkọ ẹgbẹ́ kankan ṣe ìpolówó.

Kí ni Sea Scout gan-an? Ṣé ẹgbẹ́ ológun ni?

Rárá o. Scout ni wọ́n bíi ti àwọn yòókù, ìlérí kan náà ni wọ́n ń ṣe, òfin kan náà ni wọ́n ń tẹ̀ lé. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé ohun tí àwọn yòókù ń fi igbó àti òkè kọ́ ọmọ, omi ni àwọn fi ń kọ́ ọ. Royal Navy fọwọ́ sí nǹkan bí 100 nínú àwọn ẹgbẹ́ náà, wọ́n ń yẹ̀ wọ́n wò, wọ́n sì ń ràn wọ́n lọ́wọ́, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó ń fi ọmọ sínú iṣẹ́ ológun. Àwọn Sea Cadets tí ẹ máa ń rí tí wọ́n ń tò lọ́jọ́ ìrántí àwọn ológun, ẹgbẹ́ ọ̀tọ̀ nìyẹn, ẹ má pa àwọn méjèèjì pọ̀.

Ní ti ọjọ́ orí, ọmọ ọdún 4 lè wọ Squirrels níbi tí wọ́n bá ti ní in. Ọdún 6 ni Beavers, 8 ni Cubs, 10 àtààbọ̀ ni Scouts fúnra rẹ̀, 14 sí 18 ni Explorers. Àárín àwọn Scouts ni omi ti máa ń di iṣẹ́ gidi. Ìgbà ooru ni àwọn kéékèèké tó wà nísàlẹ̀ máa ń rí i jù.

Ta ló dá a sílẹ̀?

Gbogbo ayé mọ̀ pé Robert Baden-Powell kó àwọn ọmọkùnrin lọ sí erékùṣù Brownsea ní 1907, ibẹ̀ ni Scout ti ṣẹ̀. Ọdún méjì péré lẹ́yìn ìyẹn, ní 1909, ó ṣètò àgọ́ mìíràn ní Buckler's Hard, létí odò Beaulieu. Ó pín àwọn ọmọ sí ọ̀nà méjì: àwọn kan ń gbé nínú ọkọ̀ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ Mercury, àwọn kan wà nínú àgọ́ lórí ilẹ̀, nígbà tó ṣe wọ́n pààrọ̀ ààyè. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Warington, tó ti ṣiṣẹ́ lórí omi kó tó di amòfin, ló bá a kọ ìwé ìtọ́sọ́nà tí àwọn Sea Scout ìgbà náà ń lò. Nígbà tó fi máa di 1912, orúkọ náà ti fìdí múlẹ̀.

Scout dé Nàìjíríà ní 1915. Orí ilẹ̀ ló kúkú gbajúmọ̀ sí lọ́dọ̀ tiwa.

Wọ́n ní ọkọ̀ Discovery ti Captain Scott, olùwádìí tó lọ sí Antarctica, fìgbà kan jẹ́ ilé wọn. Ṣé òótọ́ ni?

Òótọ́ ni, òun ni mo sì fẹ́ràn jù láti máa sọ, torí kò sí gbọ̀ngàn ọ̀dọ́ kankan létí omi tó ní irú ìtàn bẹ́ẹ̀.

Ìlú Dundee ní Skọ́tílándì ni wọ́n ti kan ọkọ̀ náà. 21 oṣù Kẹta 1901 ni wọ́n tì í sómi. Igi ni gbogbo ara rẹ̀, òpó mẹ́ta ló ní, òun sì ni wọ́n ń pè ní ọkọ̀ onígi ńlá olópòó mẹ́ta tí wọ́n kàn gbẹ̀yìn ní Bìrìtéènì ní ìlànà àtijọ́. Gígùn rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi mítà 52, fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ mítà 10. Ìdí tí wọ́n fi lo igi nígbà tí irin ti pọ̀ lọ́jà ni yìnyín: Antarctica ló ń lọ, igi sì máa ń fún yìnyín láàyè díẹ̀ kó tó fọ́. Igi oríṣiríṣi ni wọ́n tò lé ara wọn títí ara ọkọ̀ fi nípọn ju ẹsẹ̀ bàtà méjì lọ. Wọ́n tilẹ̀ ṣe é kó jẹ́ pé wọ́n lè fa àjẹ̀ ìdarí àti ohun tó ń tì í lọ sókè sínú ọkọ̀, kí yìnyín má baà rún wọn.

Robert Scott ló darí rẹ̀ lọ, Ernest Shackleton sì wà lára àwọn tó bá a rìn. Yìnyín gbá ọkọ̀ náà mú ní McMurdo Sound fún ọdún méjì. Oṣù Kejì 1904 ló tó já, lẹ́yìn tí ọkọ̀ méjì mìíràn, Morning àti Terra Nova, wá ràn án lọ́wọ́, tí wọ́n sì fi àdó olóró fọ́ yìnyín yí i ká. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni wọ́n tà á fún ilé iṣẹ́ Hudson's Bay, ó sì di ọkọ̀ akẹ́rù lásán. Nígbà tó yá, wọ́n tún un ṣe fún ìwádìí lórí àbùùbùtán ní òkun gúúsù láàárín 1925 sí 1927. Douglas Mawson, olùwádìí ará Ọsirélíà, tún gbé e padà sí Antarctica láàárín 1929 sí 1931.

Ibi tí Scout ti wọ inú ọ̀rọ̀ náà rèé. Ní 1921, Shackleton ń wá ọmọ Scout tó máa bá òun lọ sí Antarctica nínú ọkọ̀ Quest. Àwọn ọmọ tó kọ̀wé lé ní 1,000. Méjì ló mú: James Marr láti Aberdeen àti Norman Mooney láti Orkney. Òòyì ojú òkun bá Mooney jà, ó sọ̀ kalẹ̀ ní Madeira. Marr ní tirẹ̀ dúró, ó di onímọ̀ nípa ẹ̀dá inú omi, ó sì wà nínú ọkọ̀ Discovery pẹ̀lú Mawson. Nítorí náà, Scout kan ti sùn sínú ọkọ̀ yìí ní Antarctica kó tó di ilé àwọn Scout rárá.

1936 ni wọ́n fi Discovery ta ẹgbẹ́ Boy Scouts lọ́rẹ. Wọ́n so ó mọ́ etí Thames ní Victoria Embankment, ní àárín gbùngbùn Lọ́ńdọ̀nù, ó sì di ilé ìdánilẹ́kọ̀ọ́ àti ibùsùn fún àwọn Sea Scout. Ẹ fojú inú wò ó ná: ọmọ ọdún 12 láti ilé tó há, tó sùn mọ́jú nínú ọkọ̀ tí Scott darí, tí ohùn omi ń gbá lábẹ́ etí rẹ̀, tí bọ́ọ̀sì sì ń kọjá lókè.

Kí ló dé tí kò fi sí lọ́wọ́ wọn mọ́?

Owó ni. Ogun Àgbáyé Kejì dé, wọ́n fi ọkọ̀ náà ṣe ibùdó fún àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ ìrànwọ́ pàjáwìrì lórí Thames, wọ́n sì yọ bọ́ílà àtàwọn ẹ̀rọ inú rẹ̀, wọ́n lọ yọ́ irin wọn. Lẹ́yìn ogun, igi ń jẹrà, omi ń wọlé, ẹgbẹ́ tó ń fi owó kékeré tí àwọn ọmọ ń dá gbéra kò lè rí owó àtúnṣe. Ní 1954, wọ́n gbé e fún Admiralty, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń darí ọmọ ogun ojú omi. Maritime Trust, ẹgbẹ́ tó ń tọ́jú àwọn ọkọ̀ àtijọ́, gbà á ní 1979 kí wọ́n má baà fọ́ ọ, wọ́n ná owó rẹpẹtẹ lé e lórí, àti pé ní 1986 ọkọ̀ ojú omi akẹ́rù ńlá kan gbé e padà sí Dundee. Ó wà níbẹ̀ dòní, ní Discovery Point, ẹ lè san owó wọlé kí ẹ rí àwọn yàrá tóóró tí àwọn ọ̀gá ń sùn àti tábìlì gígùn tí wọ́n ti ń jẹun.

Mo máa ń ka ìtàn yìí fún ẹni tó bá ń bínú pé kí ló dé tí a tún ń béèrè owó àtúnṣe òrùlé. Ohun tó wà létí omi kì í dákẹ́ owó ní jíjẹ, ìbáà jẹ́ ọkọ̀ Scott, ìbáà jẹ́ gbọ̀ngàn oníbíríkì.

Ó dáa, gbọ̀ngàn lásán ńkọ́? Kí ló wà nínú rẹ̀?

Ẹni tó bá kọ́kọ́ wọlé máa ń rò pé wọ́n tàn òun jẹ. Yàrá ìpàdé fúnra rẹ̀ kì í tóbi, nígbà mìíràn kò tó gbọ̀ngàn ìjọ tí a ti ń ṣe àwẹ̀jẹ-wẹ̀mu. Ìdí ni pé ìsàlẹ̀ ni iṣẹ́ wà. Ọ̀pọ̀ ilé Sea Scout ló jẹ́ alájà méjì: òkè ni wọ́n ti ń pàdé, ìsàlẹ̀ ni wọ́n ń kó ọkọ̀ sí. Bí odò bá kún àkúnya, ìsàlẹ̀ ló máa wọ̀, wọ́n sì ti mọ bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ẹ máa rí i pé ihò iná mànàmáná kì í wà nísàlẹ̀ ògiri níbẹ̀, ìbàdí sókè ni wọ́n máa ń gbé e sí.

Ilẹ̀kùn ìsàlẹ̀ a máa fẹ̀ bíi ti gáréèjì. Inú rẹ̀ ni wọ́n ti fi irin ṣe àtẹ lára ògiri, kayak, ọkọ̀ alájẹ̀ tóóró, á sùn lé ara wọn lórí bí ìwé. Àwọn ọkọ̀ onígbòkun kéékèèké á wà lórí tírọ́lì onítáyà méjì. Optimist ni ti ọmọ kékeré, gígùn rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi mítà 2.3. Topper jẹ́ mítà 3.4, ọmọ kan ló ń wà á. Àwọn ẹgbẹ́ tó ti pẹ́ ní ọkọ̀ alájẹ̀ ńlá tí ọmọ mẹ́rin tàbí mẹ́fà ń jùmọ̀ tù, òun ni mo rò pé ó ń kọ́ ọmọ jù, torí bí ẹnì kan bá ń ṣe ìmẹ́lẹ́, gbogbo ọkọ̀ ló máa mọ̀ ọ́n lára. Life jacket kọ́ ní ìlà, wọ́n kọ nọ́ńbà sí ẹ̀yìn wọn. Òórùn ibẹ̀ kò ṣeé ṣàlàyé tán: okùn tútù, ọ̀dà, ẹrẹ̀, àti bàtà ọmọdé.

Láti ẹnu ilẹ̀kùn ni ojú ọ̀nà kọnkéré kan ti dà gẹ̀rẹ́ wọnú omi, slipway ni wọ́n ń pè é. Ibẹ̀ ni kí ẹ fojú sí jù. Apá ibi tí omi máa ń dé tó tún máa ń fà kúrò, ewédò aláwọ̀ ewé máa ń hù bò ó, ó ń yọ̀ ju ilá lọ. Gbogbo ìgbà ìrúwé ni àwọn àgbà ń fi búrọ́ọ̀ṣì onírin ha á. Àwọn ọmọ kì í sáré níbẹ̀, òfin àkọ́kọ́ nìyẹn, òun sì ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń rú.

Lókè, ilé ìdáná wà, tọ́ílẹ́ẹ̀tì, ibi ìpààrọ̀ aṣọ ọkùnrin àti obìnrin lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, àti ṣáwà olómi gbígbóná níbi tí owó bá ti tó. Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá ẹgbẹ́ kan ń rí owó, ẹ má wo ọkọ̀ wọn, ẹ bi wọ́n bóyá ṣáwà wọn ń gbóná. Níta, òpó àsíá wà tí apá rẹ̀ nà bíi ti ọkọ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń fa àsíá sókè ní ìbẹ̀rẹ̀ ìpàdé, tí ọmọ kan ń fọn fèrè kékeré tó ń dún ṣooro, gbogbo wọn á sì dúró gbọnin.

Kí ló dé tí àkókò tí wọ́n ń wọ omi ń yí padà lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀?

Torí Thames kì í ṣe adágún. Láti Teddington, ní ìwọ̀-oòrùn Lọ́ńdọ̀nù, wá sísàlẹ̀, omi òkun ló ń wọlé tó ń jáde, ẹ̀ẹ̀mejì láàárín nǹkan bí wákàtí 25. Ní àárín Lọ́ńdọ̀nù, ìyàtọ̀ láàárín ìgbà tó kún àti ìgbà tó fà lè tó mítà 7, ìyẹn ga ju ilé alájà méjì lọ. Bí omi bá ti fà tán, ẹrẹ̀ ló kù níwájú slipway, ẹni tó bá tẹ̀ ẹ́ á rì dé orúnkún. Àwọn olórí máa ń wo ìwé àkókò omi ṣáájú, wọ́n á sì sọ fún yín bóyá aago mẹ́fà ni tàbí aago méje. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi àṣà “Nigerian time” bá odò Thames ṣeré. Kì í dúró de ẹnikẹ́ni.

Àwọn tí ilé wọn wà létí adágún tàbí odò tó wà lókè Teddington kò mọ ìyà yìí.

Ọmọ mi ò mọ odò wẹ̀. Ṣé wọ́n máa gbà á?

Wọ́n máa gbà á. Òfin ẹgbẹ́ ní Bìrìtéènì ni pé kí ọmọ tó ń lọ sórí omi fi hàn pé òun lè wẹ mítà 50, kí ó sì léfòó fún ìṣẹ́jú 5, pẹ̀lú irú aṣọ tó máa wọ̀ lọ́jọ́ náà. Èyí tí kò bá tíì lè ṣe é ṣì lè jáde ní ipò tí kò léwu, ṣùgbọ́n abẹ́ ojú àgbàlagbà tó mọ iṣẹ́ ló máa wà. Life jacket tàbí èyí tó ń gbéni léfòó ni gbogbo wọn ń wọ̀, àtẹni tó mọ̀ ọ́n wẹ̀, àtẹni tí kò mọ̀ ọ́n. Àgbàlagbà tó ń kó wọn jáde náà gbọ́dọ̀ ní ìwé àṣẹ fún irú ọkọ̀ àti irú omi yẹn gan-an: àṣẹ kayak lórí adágún kò sọ pé kó gbé ọmọ sí ojú Thames.

Ẹ̀rù omi tó wà lára ọ̀pọ̀ nínú wa, mi ò ní fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ọ̀pọ̀ wa ló dàgbà níbi tí wọ́n ti kìlọ̀ fún wa pé a ò gbọdọ̀ sún mọ́ odò, ìkìlọ̀ náà sì nídìí. Ẹ mú ọmọ lọ kọ́ wíwẹ̀ ní ilé ìwẹ̀ káńsù ná, kí ẹ sì máa ka ọjọ́.

Ṣé ọmọ ti kú rí?

Bẹ́ẹ̀ ni, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ láìfi pamọ́. 4 oṣù Kẹjọ 1912, àwọn Scout láti Walworth, ní gúúsù Lọ́ńdọ̀nù, ń fi ọkọ̀ onígbòkun lọ sí Leysdown ní erékùṣù Sheppey. Ìjì dédé dà ọkọ̀ náà nù nígbà tó ti sún mọ́ èbúté. Ọmọ mẹ́sàn-án ló kú, mẹ́jọ nínú wọn jẹ́ Scout. Winston Churchill, tó jẹ́ olórí Admiralty nígbà náà, ní kí ọkọ̀ ogun Fervent gbé òkú wọn padà gba orí Thames.

Itẹ́ òkú Nunhead ni wọ́n sin wọ́n sí. Ẹ̀yin tó ń gbé Peckham, ẹ lè fẹsẹ̀ rìn débẹ̀. Ère Scout kan wà lórí ibojì náà tẹ́lẹ̀, wọ́n jí i ní 1969. Ní 1992, wọ́n gbé òkúta ìrántí mìíràn síbẹ̀.

Gbogbo ìwé tí wọ́n ń ní kí ẹ buwọ́ lù kí ọmọ tó wọ omi, gbogbo ìdánwò àti àṣẹ tí mo kà sókè yìí, irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ ló bí wọn.

Kí ni wọ́n ṣe nígbà ogun?

Ní Ogun Àgbáyé Kìíní, àwọn Scout ló ń ṣọ́ etí òkun ní àwọn ibi tí àwọn ẹ̀ṣọ́ ti lọ sójú ogun. Iye wọn lé ní 20,000 kí ogun náà tó parí. Ní Dunkirk, létí òkun Faransé, ní 1940, ọkọ̀ Minotaur ti àwọn Sea Scout Mortlake wà lára àwọn ọkọ̀ kéékèèké tó sọdá lọ kó ọmọ ogun. Ọ̀kan tún ni Sundowner. Charles Lightoller, ẹni tó là nínú Titanic, ló ni ín, òun, ọmọ rẹ̀ àti ọ̀dọ́mọkùnrin Sea Scout kan, Gerald Ashcroft, ló wà á. Nǹkan bí 130 ènìyàn ni wọ́n kó sínú ọkọ̀ tí kò gùn ju mítà 18 lọ.

Ọmọbìnrin ńkọ́?

Wọ́n ń gbà wọ́n. Láti 1991 ni àyè ti ṣí sílẹ̀ fún wọn ní gbogbo ìpele, láti 2007 sì ni ó ti kan gbogbo ẹgbẹ́ ní Bìrìtéènì.

Mùsùlùmí ni wá. Ìlérí wọn ńkọ́?

Ìlérí tí Mùsùlùmí lè sọ tó bá ìgbàgbọ́ rẹ̀ mu wà. Ti ẹni tí kò lẹ́sìn náà wà láti 2014. Ẹ kàn sọ fún olórí ṣáájú ọjọ́ náà.

Omi náà dọ̀tí. Ṣé ọmọ mi ò ní kó àrùn?

Èyí tí wọ́n ń ṣọ́ jù ni Weil's disease, tí ìtọ̀ eku ń kó sínú omi. Ojú egbò ló sábà máa ń gbà wọlé. Ẹ fi pílásítà tí omi kò lè wọ̀ bo egbò, kí ọmọ fọ ọwọ́ kó tó fọwọ́ kan oúnjẹ, kó sì wẹ̀ tó bá jáde. Bí ara rẹ̀ bá gbóná tó ń rí bí ibà láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìn náà, ẹ sọ fún dókítà pé ó ti wọ odò, torí dókítà lè rò pé ọ̀fìnkìn lásán ni.

Ta ló ni ilé náà? Ibo lowó mi ń lọ?

Ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan jẹ́ ẹgbẹ́ aláàánú, àwọn alámòójútó tí a ò san owó fún ló ń bójú tó o. Ilẹ̀ etí odò sábà máa ń jẹ́ ti káńsù tàbí ti aláṣẹ mìíràn, ẹgbẹ́ kàn gbà á fún ọdún gbọọrọ ni. Owó tí ẹ ń san ń lọ sí ìnṣọ́ránsì, iná, gáàsì, àtúnṣe ọkọ̀, àti ilẹ̀kùn ìsàlẹ̀ tí iyọ̀ àti ọ̀rinrin ń jẹ. Àwọn olórí kì í gba kọ́bọ̀. Bí ẹ bá ń san owó orí, ẹ buwọ́ lu ìwé Gift Aid, ìjọba á fi pẹ́nsì 25 kún pọ́n-ùn kọ̀ọ̀kan láìmú un lápò yín.

Ṣé a lè háyà gbọ̀ngàn náà fún ìsọmọlórúkọ?

Púpọ̀ nínú wọn ló ń gba háyà, owó yẹn ló sì ń tún òrùlé ṣe. Ṣùgbọ́n ẹ béèrè nǹkan mẹ́ta kí ẹ tó san kọ́bọ̀: iye ènìyàn tí òfin ààbò lọ́wọ́ iná gbà láyè, aago tí orin gbọ́dọ̀ dákẹ́, àti ibi tí àwọn àlejò á gbé mọ́tò sí. Ohùn máa ń rìn lórí omi, àwọn tó wà lódì kejì odò á gbọ́ gbogbo oríkì tí ẹ bá kì. Ilé ìdáná wọn kò gba ìkòkò agbo, torí náà ilé ni kí ẹ ti se jọ̀lọ́ọ̀fù wá. Ẹ tún rí i dájú pé wọ́n ti ilẹ̀kùn ìsàlẹ̀, torí ọmọ kékeré tó wọ agbádá kò bẹ̀rù omi.

Ṣé irú rẹ̀ wà nílé?

Èyí tó sún mọ́ ọn ní Èkó ni Sea School ní Apapa, ti Citizenship and Leadership Training Centre, tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ fún ìdánilẹ́kọ̀ọ́ àwọn ọ̀dọ́. Ẹ̀ka rẹ̀ kan wà lórí òkè ní Shere Hills, nítòsí Jos. Kì í ṣe ẹgbẹ́ tí ọmọ ń lọ ní gbogbo ọ̀sẹ̀, ẹ̀kọ́ onígbà díẹ̀ ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀. Etí ọ̀sà tó yí Èkó ká gba ilé Sea Scout tó pọ̀, bó bá wu ẹnì kan láti bẹ̀rẹ̀.

Mo ti gbà. Báwo ni mo ṣe máa fi orúkọ ọmọ sílẹ̀?

Orí ìkànnì Scouts ni ẹ ti máa fi póòsìkóòdù yín wá ẹgbẹ́ tó sún mọ́ yín. Ẹ má jẹ́ kó yà yín lẹ́nu bí wọ́n bá ní kí ẹ dúró, ọmọ pọ̀ lórí ìlà ju olórí lọ. Òbí tó bá yọ̀ǹda ara rẹ̀ láti ṣe iṣẹ́ máa ń mú kí àyè tètè ṣí, torí àgbàlagbà ló wọ́n níbẹ̀. Wọ́n á ṣe àyẹ̀wò DBS fún yín, ìyẹn láti mọ̀ bóyá ẹ ní àkọsílẹ̀ ìwà ọ̀daràn, wọ́n á sì kọ́ yín. Ẹ ò nílò láti mọ ọkọ̀ wà, ẹni tó lè po tíì fún ogójì ọmọ tí òtútù mú náà wúlò.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ẹ di aṣọ méjì sínú àpò, pẹ̀lú táwẹ́ẹ̀lì àti bàtà àtijọ́ tí kì í bọ́ lẹ́sẹ̀. Ẹ má wọ síléépásì fún un. Ẹ kọ orúkọ sára gbogbo rẹ̀, títí kan ìbọ̀sẹ̀, kí ẹ sì mú ọ̀rá ńlá kan lọ́wọ́ tí ẹ máa kó èyí tó tutù sí, kí ìjókòó mọ́tò yín má baà rùn títí di Sunday.